Ọjọ́ Mẹ́fà ní Ìbàdàn Nítorí Róòsì Orí Òkè

Ọjọ́ Àìkú

Mo kúrò ní Ìdànrè ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ ti bo àwọn òkè wa mọ́lẹ̀ bí ẹni da aṣọ funfun bò wọ́n. Ẹrù mi kò pọ̀: aṣọ mélòó kan, ìwé àkọsílẹ̀, òṣùwọ̀n ooru kékeré kan, àti gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ó ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ gbé lọ sí Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ti wálé sí Bódìjà fún ìsinmi, ó sì ti ránṣẹ́ sí mi pé òun mú èso òdòdó kan bọ̀ tí òun mọ̀ pé yóò dùn mọ́ mi nínú ju aṣọ àti bàtà lọ. Òdòdó ọ̀hún ni róòsì inú igbó tí ń hù lórí àwọn òkè ńlá Etiópíà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rosa abyssinica.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun oníyè. Ní gbogbo ìgbà tí a bá dé ibi tí wọ́n ya àwòrán róòsì sí nínú ìwé wa, ọmọ kan kò ní ṣàì béèrè bóyá òdòdó òyìnbó ni, èmi náà a sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì tán ni mo tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò pé. Ó ń dùn mí, nítorí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di òbí, wọ́n sì ti lè máa sọ ohun kan náà fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ọkọ̀ wa gba Àkúrẹ́, Iléṣà àti Ifẹ̀ kọjá láìsí ìdádúró. Mo ra dòdò Ìkirè fún àwọn ọmọ ilé nígbà tí a dé ìlú náà, a sì wọ Ìwó Ròòdù nígbà tí oòrùn ti wà ní àtàrí. Àbúrò mi ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì, láàárín èrò àti ariwo àwọn ọlọ́kọ̀, títí mo fi fà á dìde.

Lẹ́yìn tí a ti jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì tán ni ó tó gbé ìgò kékeré kan jáde. Èso méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbẹ, àwọ̀ wọn sì dà bí ti epo pupa tí ó ti pẹ́ nínú ìgò. Mo kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó gba ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko kí ó tó gbé wọn kọjá ẹnubodè, nítorí kòkòrò àti àrùn ọ̀gbìn máa ń bá irúgbìn rìnrìn-àjò láìjẹ́ pé ojú rí wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ìwé náà sí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.” Ọkàn mi balẹ̀. Mo gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi kí n tó sùn.

Ọjọ́ Ajé

Òṣùwọ̀n ooru mi fi dígírì 21 hàn ní aago mẹ́fà àárọ̀. Fún Ìbàdàn, òtútù ọyẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ àbúrò mi sì ti wọ súwẹ́tà. Àbúrò mi sọ pé irú àárọ̀ báyìí ni àwọn ará Addis Ababa yóò pè ní àárọ̀ tó móoru, nítorí ìlú náà ga ju 2,300 mítà lọ sókè ìpele òkun. Bí a bá pín ooru ọdún kan papọ̀, ti Addis Ababa kò ju nǹkan bíi dígírì 16 lọ, nígbà tí ti Ìbàdàn wà láàárín 26 sí 27. Mo kọ iye méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí mo mọ̀ pé n óò padà sí wọn.

A tẹ́ ìwé funfun sórí tábìlì, mo sì fi ọ̀bẹ mímú la èso kan sí méjì. Ẹni tí kò bá rí inú èso róòsì rí lè rò pé kóró kan ṣoṣo ni yóò bá níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti máńgòrò tàbí ìyeyè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹran pupa tí a ń rí lóde dà bí ìkòkò kékeré tí ẹnu rẹ̀ há, àwọn kóró líle wẹ́wẹ́ sì fún pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, pẹ̀lú irun kíkúrú láàárín wọn. Onírúurú róòsì ni irun inú èso wọn máa ń yún ọ̀fun, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ fi máa ń jẹ ẹran òde nìkan, tí wọ́n á sì yọ ti inú dànù. Kóró kọ̀ọ̀kan gan-an ni èso gidi lójú onímọ̀ ewéko, ohun tí àwa ń pè ní èso kàn jẹ́ ìdí òdòdó tí ó wú tí ó sì pọ́n ni. Mo bó díẹ̀ nínú ẹran gbígbẹ náà, mo sì fi sẹ́nu. Ó kan díẹ̀ bí ìṣápá pupa, adùn kékeré kan sì tẹ̀lé e. Ìyàwó àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó ní tí òun bá rí i púpọ̀, òun yóò fi se nǹkan mímu.

Kega ni àwọn tó ń sọ èdè Àmhárììkì ń pe èso yìí. Àwọn darandaran àti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń já a jẹ jù nínú igbó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwa ti ń já ìyeyè. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣàlàyé èyí, oríkì ìlú tí a wà nínú rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun lé Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sórí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró. Orí òkè ni ibi ààbò wọn, igi orí òkè ni ó sì bọ́ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kò yẹ kí èso kega ṣe àjèjì sí ọmọ Ìbàdàn kankan, bí kò tilẹ̀ rí i rí.

Ọ̀sán ni a fi wo àwọn àwòrán tí àbúrò mi yà ní igbó Menagesha Suba, ní ìwọ̀-oòrùn Addis Ababa, níbi tí àwọn igi junípà àtayébáyé ṣì dúró sí. Òdòdó róòsì náà funfun, àwọn kan sì ní àwọ̀ ìpara díẹ̀. Ewé òdòdó márùn-ún péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kì í ṣe ogún tàbí ọgbọ̀n bíi ti róòsì tí wọ́n ń fi ọ̀rá dán di lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n tan ní ìṣù, wọ́n sì ní òórùn dídùn tí àbúrò mi ní òun gbọ́ kí òun tó rí igi náà. Ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún tàbí méje ni ó máa ń wà lórí ọ̀pá ewé kan, wọ́n nípọn, wọ́n ń dán, igi náà kì í sì í wọ́wé. Ẹ̀gún rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, òun ni ó fi ń kọ́ igi mìíràn gùn, ó sì lè ga tó mítà méje níbi tí ó bá ti rí ohun gùn. Láàárín nǹkan bí 1,900 mítà sí 3,300 mítà ni ó ń gbé. Yàtọ̀ sí Etiópíà, a ń rí i ní Eritríà, Sòmálíà àti Sùdáànù, ó sì kọjá òkun pupa dé àwọn òkè Yẹ́mẹ̀nì àti Sáúdì Arébíà.

Ní ọdún 1820 ni John Lindley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, tẹ ìwé kan jáde nípa gbogbo róòsì tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, ó sì ṣàpèjúwe èyí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí Robert Brown, onímọ̀ ewéko mìíràn, ti fún un ṣáájú. Abyssinia ni wọ́n ń pe Etiópíà láyé ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ọjọ́ ti pẹ́, nígbà náà, tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé róòsì kan jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Òun nìkan sì ni a mọ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó hù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Mo fi ìlà méjì sí abẹ́ gbólóhùn yìí nínú ìwé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní róòsì ní Ìbàdàn. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí apá Jẹ́ríkò, níbi tí àwọn tó ń ta fúláwà ti tò wọ́n sínú ọ̀rá dúdú àti ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń bu omi rin ọ̀gbìn rẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Irú fúláwà wo ni kí n gbé fún yín?” Mo ní kí ó fi gbogbo ohun tí ó ní tí ń jẹ́ róòsì hàn mí.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé wá. Èkíní ni èyí tí ó pè ní róòsì aṣálẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wú bí iṣu tí òdòdó rẹ̀ sì pọ́n. Adenium ni, kò sì bá róòsì tan rárá. Oje rẹ̀ lóró, àwọn ọdẹ ní àwọn apá kan ilẹ̀ Áfíríkà sì ti fi oje irú rẹ̀ sí ẹnu ọfà rí. Mo sọ fún un pé kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n ní ọmọ kékeré nílé kí wọ́n tó rà á, ó sì dúpẹ́. Èkejì jẹ́ irú kan nínú ẹbí ìṣápá àti ilá. Ẹ̀kẹta nìkan ni róòsì tòótọ́, ó pupa rúsúrúsú, ewé òdòdó rẹ̀ sì fún pọ̀ mọ́ra débi pé àárín rẹ̀ kò hàn.

Mo lo àkókò púpọ̀ lórí ẹ̀kẹta yìí. Mo bi í bóyá ó mọ ìdí tí òdòdó yìí fi ní ewé tó pọ̀ tó báyìí, nígbà tí ti inú igbó kò ní ju márùn-ún lọ. Kò mọ̀, mo sì fi hàn án. Nínú òdòdó ti inú igbó, ọ̀pọ̀ okùn tín-ín-rín tó ń ru lẹ́búlẹ́bú ló yí àárín ká, níbi tí oyin ti ń jẹ. Láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ti ń ṣa àwọn igi tí díẹ̀ nínú okùn wọ̀nyí ti yí padà di ewé òdòdó, títí ó fi jẹ́ pé lónìí, nínú àwọn róòsì kan, okùn tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ẹwà ojú ti pọ̀ sí i, oúnjẹ oyin sì ti dín kù. Lójú tèmi, márùn-ún yẹn ti tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gún náà wáyé. Oníṣòwò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń ta igi ọsàn kékeré. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àtàńpàkò ti ẹ̀gún róòsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ṣí kúrò lára igi náà láìdá ọgbẹ́ sí igi lára, ó fi àpá rírẹwà kan sílẹ̀. Ti ọsàn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó le, àfi kí a gé e, nítorí ẹ̀ka tí ó yí padà di ẹ̀gún ni, láti inú igi ni ó sì ti jáde. Ti róòsì kò jìn ju èèpo lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ti ẹ̀gún kúrò lára ẹ̀ka kan lẹ́yìn òmíràn bí ọmọdé.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni mo rí ìkòkò ńlá kan ní ẹ̀yìn àtẹ rẹ̀. Igi róòsì àgbà kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tí òkè rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú gígùn mẹ́rin ti yọ láti ìdí rẹ̀, wọ́n rọ̀ sílẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ méje sì wà lórí ọ̀pá ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọdún kẹrin nìyí tí ó ti ń ru ewé lásán, kò tan òdòdó rí. Mo ti fẹ́ gé e dànù.” Ọkàn mi lù kìkì. Ewé méje, ọ̀pá gígùn tí ń wá ohun gùn, ẹ̀gún tó tẹ̀ bí ìkọ́: ohun tí mo rí nínú àwòrán àná ló dúró síwájú mi ní Ìbàdàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má gé e, mo sì ra ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé rẹ̀. Kò fẹ́ gba owó, ṣùgbọ́n mo fi lé e lọ́wọ́. Oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kun ojú mi lóru ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́rú

Bàbá kan wà ní Ìbàdàn tí a ti mọra tipẹ́, tí ó fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí títọ́jú ewéko gbígbẹ sínú ìwé kí ó tó fẹ̀yìntì. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ríran. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó súre fún mi, ó sì ní kí n gbé ohun tí mo mú wá kalẹ̀ kí ó tó béèrè àlàáfíà ilé.

Kò wo ewé wẹ́wẹ́ méje náà rárá. Ìdí ọ̀pá ewé ni ó fi ìka kàn, níbi tí abala kékeré méjì ti so mọ́ ọn ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó ní kí n fi gíláàsì mi wo ibẹ̀, kí n sì sọ ohun tí mo rí. Mo rí i pé etí abala náà ya wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà. Ó mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti Etiópíà. Ti Etiópíà kì í ya bí òòyà báyìí. Rosa multiflora nìyí, Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù ni ilé rẹ̀.”

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí n má purọ́, ó dùn mí, nítorí mo ti gbé ìrètí mi lé ẹ̀ka yẹn láti àná. Bàbá jẹ́ kí n dákẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe róòsì fún títà kì í sábà gbìn ín láti inú kóró. Wọ́n á gé ojú ẹ̀ka kékeré kan lára èyí tí òdòdó rẹ̀ rẹwà, wọ́n á fi bọ abẹ́ èèpo róòsì mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, wọ́n á sì dì í títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Multiflora jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń lò fún gbòǹgbò yìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Bí òkè bá kú, bóyá nítorí ooru tàbí nítorí àrùn aláàmì dúdú tí ń jẹ ewé róòsì lásìkò òjò, gbòǹgbò á yọ ọ̀mùnú tirẹ̀, ẹni tó ni igi á sì máa bu omi rin ohun tí kò rà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ẹ̀yìn àtẹ nìyẹn. Ní ti òdòdó tí kò tan, Bàbá ní ọ̀pọ̀ róòsì inú igbó tí wọ́n ti ilẹ̀ olótùútù wá ní láti sùn nínú òtútù fún oṣù mélòó kan kí ó tó di pé wọ́n mọ̀ pé àsìkò òdòdó dé. Òtútù ọyẹ́ Ìbàdàn kò tó jí i.

Síbẹ̀, Bàbá ní kí n má ka ìrìn mi sí òfo, nítorí ìbátan ni multiflora àti ti Etiópíà. Nínú ìsọ̀rí kan ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí, ìsọ̀rí àwọn róòsì tí ọ̀pá tín-ín-rín àárín òdòdó wọn, èyí tí ń gba lẹ́búlẹ́bú, lẹ̀ pọ̀ di òpó kan ṣoṣo, dípò kí olúkúlùkù dá dúró. Nínú ìsọ̀rí yìí kan náà ni róòsì olóòórùn mọ́sìkì wà, èyí tí ti Etiópíà jọ débi pé àwọn onímọ̀ kan ti kà á sí ẹ̀yà rẹ̀ nígbà kan rí. Mo sáré ṣí àwòrán inú fóònù mi, mo fẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi, òpó kékeré náà sì wà níbẹ̀ láàárín òdòdó funfun, bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún dúró. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wo àwòrán yẹn tí n kò sì rí i.

Mo wá béèrè ìbéèrè tí mo bá wá láti Ìdànrè: kí ló dé tí róòsì kankan kò fi hù fúnra rẹ̀ nílẹ̀ wa? Bàbá ní gbogbo róòsì inú igbó tó wà láyé, tí iye wọn ju 100 lọ, ìdajì ayé tí ó wà ní àríwá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ bíbí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Ṣùgbọ́n àríwá ìlà náà ni Nàìjíríà pẹ̀lú wà, nítorí náà kì í ṣe ìyẹn ló dènà. Gíga ilẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ á máa tutù sí i ní nǹkan bíi dígírì mẹ́fà. Àwọn róòsì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá rí òkè Etiópíà gbé, àmọ́ ilẹ̀ gbígbóná tí kò ga ló wà láàárín ibẹ̀ àti àwọn òkè tiwa. Àwọn ẹbí róòsì mìíràn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dárúkọ Prunus africana, igi ńlá kan nínú ẹbí náà tí ń hù ní igbó Ngel Nyaki lórí òkè Mambilla, tí èèpo rẹ̀ wúlò fún oògùn débi pé òfin àgbáyé ti wà lórí títà á. Ẹbí róòsì kò ṣe àjèjì sí Nàìjíríà. Orí òkè ni wọ́n gbé dúró.

Mo fún Bàbá ní èso méjì. Ó fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí wọn, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́bọ̀

Èmi àti àbúrò mi gun Òkè Ààrẹ lọ sí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Kápítéènì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ọyẹ́ kò jẹ́ kí a ríran jìnnà, òrùlé páànù pupa nìkan ló tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, pẹ̀lú Mápó lókè tirẹ̀. Orí òkè yìí ni ọ̀kan lára ibi tó ga jù nínú ìlú, síbẹ̀ kò tó 300 mítà sókè ìpele òkun. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: a ní láti to òkè bí èyí lé ara wọn lórí ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje kí a tó dé ibi tí róòsì Etiópíà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè Ìdànrè tiwa pàápàá kò pé 1,000 mítà. Nàìjíríà ní ibi kan tó ga tó bẹ́ẹ̀, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Òkè tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ì bá gba róòsì yìí láyè, ká ní ó dé ibẹ̀.

A kò pẹ́ lọ títí. Erùku pọ̀, mo sì ń wúkọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Àárọ̀ yìí ni a pinnu ohun tí a óò fi kóró náà ṣe. Ilé àbúrò mi kọ́ ni yóò ti dàgbà, ìyẹn dá mi lójú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i kí ó hù, kí n sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kóró ọ̀pọ̀ róòsì inú igbó kì í jí bí a bá kàn rì í mọ́lẹ̀; èèpo rẹ̀ le, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí ń dá a dúró títí òtútù àti ọ̀rinrin yóò fi tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fọ yanrìn odò mọ́, a fi omi rin ín kí ó lè tutù láìṣàn, a bó kóró èso mẹ́rin, a sì yọ irun wọn kúrò lábẹ́ omi. A da kóró àti yanrìn pọ̀ sínú ọ̀rá tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára. Ìyàwó àbúrò mi ṣí àyè sílẹ̀ fún wọn ní ìsàlẹ̀ fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, kì í ṣe níbi tí omi ti ń dì. Ẹ̀rọ amúnáwá yóò máa ṣiṣẹ́ ní wákàtí mélòó kan nígbà tí iná bá lọ, ó sì ti ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé wọn kúrò.

Èso márùn-ún ni mo dì padà sínú ìgò fún Ìdànrè. Àwọn olùkọ́ tó gba ipò mi ti gbà pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n la ọ̀kan fúnra wọn, kí wọ́n ka kóró inú rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ ẹran rẹ̀ wò. N óò mú ẹ̀ka multiflora náà dání pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi ìka kan abala tó ya bí òòyà ní ìdí ọ̀pá ewé rẹ̀.

Kí a tó jáde lọ sí Ìwó Ròòdù, ọmọ àbúrò mi tó ṣe àgbà, tí ó wà ní kíláàsì kẹrin, mú bírò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sára bébà kan tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá inú fíríìjì: “Róòsì Etiópíà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti Màmá Ìdànrè ni.” Mo ní kí ó kọ ọjọ́ òní sí abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́.